Dókítà Cicely Williams àti Oúnjẹ Ọmọdé

Bí a ti ń ronú lórí ohun tí àwọn ọmọ wa yóò lọ kọ́ ní Yunifásítì, ó yẹ kí a gbọ́ ìtàn Dókítà Cicely Williams.

Ní ọdún 1893 ni a bí i ní erékùṣù Jàmáíkà. Ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Oxford, ṣùgbọ́n àyè ṣọ̀wọ́n fún obìnrin nígbà náà. Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ tí àyè fi yọ fún un. Ó di dókítà ní 1923. Lẹ́yìn náà ó kọ́ nípa ìmọ́tótó àti àrùn ilẹ̀ olóoru ní Lọ́ńdọ́nù, ìjọba sì rán an wá sí Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, ní 1929.

Ní Accra ni ó ti rí àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn sì ń bó. Ikú ni ó ń gbẹ̀yìn púpọ̀ nínú wọn. Àwọn dókítà kan ní àrùn pellagra tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Cicely kò gbà. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà: kò ka àwọn ìyá sí òpè, ó béèrè ohun tí wọ́n ń pe àìsàn náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Ga pè é ní kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí àbúrò ti gba ipò rẹ̀. Orúkọ yìí ni ó tọ́ka sí ìdí ọ̀rọ̀. Bí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí oyún mìíràn, oúnjẹ àgbàdo nìkan ni ó kù fún un, èyí kò sì tó láti mú ara dàgbà. Ó kọ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1933. Ní 1935 ó fi orúkọ Ga náà sínú ìwé àwọn dókítà, The Lancet.

A gbé e lọ sí Malaya ní 1936. Ní 1939, níwájú ẹgbẹ́ Rotary ní Singapore, ó fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan àwọn tí ń tan àwọn ìyá láti fi mílíìkì inú agolo rọ́pò ọmú. Nígbà ogun, àwọn ará Jàpáánù fi í sí àtìmọ́lé ní Changi. Ní 1948 ó di olórí àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka ìlera ìyá àti ọmọ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní 1992, ní ẹni ọdún 98.

Àwọn onímọ̀ òde òní ti rí i pé ìdí àìsàn yìí ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí obìnrin yìí là kò parẹ́. Ní agbo ilé tí a ti tọ́ mi, ẹyin àti ẹran kì í ṣe ti ọmọdé. Wọ́n ní yóò sọ ọmọ di olè. Bàbá ni ó ń jẹ ẹran, ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ń mu ògì lásán. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ kún ọjà wa.

Ìmọ̀ òfin dára, ìmọ̀ ẹ̀rọ dára. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni ní ìmọ̀ oúnjẹ aṣaralóore pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí Ẹgbẹ́ wa ran ọmọ kan lọ́wọ́ láti kọ́ ọ, kí ó sì padà wá jókòó ti àwọn ìyá wa.