Dúró Ládípọ̀, olùkọ́ tí ìlù gbé jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹni tí ó bá ti kọ orin Yorùbá tí wọ́n fi ohùn òyìnbó sí rí ti mọ wàhálà yìí: ohùn orin á máa gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ yẹ kó wálẹ̀, ọkọ̀ á sì di ọkọ́ lẹ́nu akọrin. Ọ̀ràn bí ó ṣe yẹ kí Yorùbá máa kọrin ni ó sọ olùkọ́ kan ní Òṣogbo, ní Nàìjíríà, di eléré tí ayé mọ̀.

Ní 1931 ni wọ́n bí Dúró Ládípọ̀. Oníwàásù ìjọ Áńgílíkà ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n onílù ni baba àgbà rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń kọ orin fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó ṣe orin Àjíǹde kan, ó sì mú ìlù Yorùbá wọ inú ìsìn láti bá a lọ. Àwọn àgbà ìjọ bínú. Ìlù abọ̀rìṣà ni wọ́n kà á sí. Bí wọ́n bá gbà fún un ni, bóyá ọ̀gá akọrin ni ì bá jẹ́ títí ó fi kú.

Kò pa ìlù tì. Ó ní ilé ọtí kan. Òun àti Ulli Beier, ará Jámánì tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, sọ ọ́ di ilé eré ní 1962. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé kan ti wà ní Ìbàdàn tí ń jẹ́ Mbari, orúkọ tí ó ti inú èdè Ígbò wá. Etí Yorùbá ni àwọn ará Òṣogbo fi gbọ́ ọ, wọ́n bá sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, inú mi ì bá dùn. Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ àyálò tó dára jù èyí lọ ṣọ̀wọ́n nínú ìwé wa!

Ibẹ̀ ni Ọba Mọ́rọ̀ ti jáde ní 1962, Ọba Kò So sì tẹ̀ lé e ní 1963. Ẹ wo orúkọ eré yìí: ọba Kòso ni, àbí ọba tí kò so? Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ni Ọya. Oríkì, ọfọ̀ àti bàtá ló gbé eré náà ró. Wọ́n ṣe é ní Berlin ní 1964, wọ́n sì gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, láàárín ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá.

Ní 1972, Yunifásítì Ìbàdàn tẹ Ọba Kò So jáde. Inú téèpù ni R. G. Armstrong àti àwọn Yorùbá méjì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ wa rọrùn, kí ó gbìyànjú láti fi àmì ohùn sí ọfọ̀ Tìmì àti Gbọ́nńkáà.

Ládípọ̀ tún ṣe Ọba Wàjà àti Mọremí, ó ṣe eré lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì kópa nínú fíìmù Àjàní Ògún ní 1976. Mùráínà Oyèlámì àti Jímọ̀ Bùráímọ̀, tí a mọ̀ sí ayàwòrán, bá a ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó kú ní oṣù kẹta 1978. Abíọ́dún ló ń darí ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀.