Ìyá Kúdẹ̀tì: Ìtàn Ìgbé-ayé Anna Hinderer

Kò yẹ kí a máa ka orúkọ àwọn baba ìgbàgbọ́ ní ilẹ̀ wa kí a sì gbàgbé àwọn ìyá. Orúkọ Àlùfáà David Hinderer kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà ìjọ. Ṣùgbọ́n ti aya rẹ̀, ẹnití ó jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọdé ju ohunkóhun lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ̀ ju pé ó bá ọkọ rẹ̀ wá. Nítorí náà ni a ṣe kọ ìwọ̀nba yìí sílẹ̀.

A bí Anna Martin ní Hempnall, ní ẹkùn Norfolk ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, ọdún 1827. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbàtí ìyá rẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ọwọ́ Àlùfáà Francis Cunningham ti Lowestoft àti aya rẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ aláìní jọ láti kọ́ wọn, nígbàtí òun tìkárarẹ̀ kò tíì dàgbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, ọdún 1852, ó fẹ́ Àlùfáà Hinderer, ará Jámánì, òjíṣẹ́ Ẹgbẹ́ C.M.S., ẹnití ó ti wo Ìbàdàn ní 1851 tí ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1853 wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó. Ibà kí wọn káàbọ̀ gẹ́gẹ́bí ìṣe rẹ̀ sí gbogbo oyìnbó ìgbà náà. Ní oṣù kẹrin wọ́n wọ Ìbàdàn.

Ẹ̀bá odò Kúdẹ̀tì ni wọ́n tẹ̀dó sí. Olóyè Olúńlóyọ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ọmọ lé wọn lọ́wọ́: Akínyẹlé ọmọkùnrin àti Yéjìdé ọmọbìnrin. Kí olùkàwé má fi ojú kékeré wo èyí. Ní ìlú tí a fi idà tẹ̀dó, tí gbogbo ènìyàn ń retí kí ọmọ di jagunjagun, tí ọ̀pọ̀ òbí sì ń bẹ̀rù ilé oyìnbó, olóyè kan mú ọmọ rẹ̀ méjì lọ síbẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn. Anna kọ́ wọn ní A, B, D. Ó kọ́ wọn ní orin. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán. Ó ń tọ́jú egbò ẹsẹ̀ wọn, ó sì jókòó tì wọ́n nínú àìsàn. Ìyá ni wọ́n ń pè é. Òun fúnrarẹ̀ kò bímọ. Àárẹ̀ mú òun àti ọkọ rẹ̀ padà sí ilé ní 1856, ṣùgbọ́n ní 1858 wọ́n tún ti dé.

Ní 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà. Àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n Adélù Àrẹ̀mọ jọba. Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ láti gbà á, Ìbàdàn sì gbè sẹ́yìn Adélù. Ní 1860 ogun bẹ́, Ẹ̀gbá sì dára pọ̀ mọ́ Ìjàyè. Kí ogun tó jáde, a fi ènìyàn rúbọ ní Ìbàdàn, Anna sì kọ̀wé nípa rẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ ńlá. Ohun tí ó mú ọkàn rẹ̀ pín sí méjì nìyí: ìlú tí ó ṣe èyí ni ìlú tí ó fẹ́ràn, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sì fi ọwọ́ kan òun ní ibi.

Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú náà dí. Láti Èkó ni owó míṣọ̀n ti ń wá, owó ẹyọ ni a sì ń ná. Ẹgbàáwàá ẹyọ, èyítí í ṣe ọ̀kẹ́ kan, ni ẹrù ènìyàn kan; nítorí náà bí aláàárù kò bá lè kọjá, kò sí owó rárá. Àwọn ọmọ sì ń bẹ nínú ilé tí wọ́n ń retí oúnjẹ. Wọ́n ta aṣọ ara wọn, wọ́n ta ohun èlò ilé, títí dé àpótí. Ẹ̀wà díẹ̀ pẹ̀lú epo àti ata di oúnjẹ ọkọ àti aya fún ọjọ́ pípẹ́. Nígbà kan Àlùfáà Hinderer fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú dé Èkó láti wá ìrànlọ́wọ́, ó sì padà. Anna dúró ti àwọn ọmọ. Ilé-ìwé kò dúró. Bí ara rẹ̀ bá le díẹ̀, a ó kàwé, a ó ránṣọ.

Ìṣòro mìíràn wà tí kì í ṣe ti ebi. Àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ wọn wà ní Ìjàyè àti ní Abẹ́òkúta, olúkúlùkù sì ń fi ojú ìlú tí ó ń gbé wo ogun náà. Ìwé Ìròyìn tí Àlùfáà Townsend ń tẹ̀ ní Abẹ́òkúta gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá. Àwa tí a ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìjọ kò ní dá wọn lẹ́bi kíákíá, nítorí ó ṣòro kí olùṣọ́-àgùntàn má bá agbo rẹ̀ sunkún. Ṣùgbọ́n ó dun àwọn ará Kúdẹ̀tì pé ẹni tí ń gbàdúrà kan náà lè di àjèjì sí ara wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta, ọdún 1862, Ìjàyè ṣubú. A mú Edward Roper, míṣọ́nnárì tí ó wà níbẹ̀, lẹ́rú wá sí Ìbàdàn; nígbàtí ó bọ́, ilé Hinderer ni ó fi ṣe ibùgbé. Nínú àwọn ọmọ tí ogun náà kó lẹ́rú pẹ̀lú, wọ́n rà díẹ̀ padà, bíótilẹ̀jẹ́pé owó ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ wọn.

Ìjàyè ti fọ́, ṣùgbọ́n ogun kò tán, nítorí Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ṣì ń jà ní ìhà Rẹ́mọ. Ara Anna ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, Gómìnà Glover ti Èkó rán Kápútéènì Maxwell pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n gba inú igbó dé Ìbàdàn láti gbé e lọ. Wákàtí díẹ̀ péré ni a fún un láti múra. Ọkọ rẹ̀ kò lè tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, nítorí iṣẹ́ ìjọ gbọ́dọ̀ ní alábòójútó. Ó ti fara da ebi ọdún márùn-ún kí ó má ba à fi àwọn ọmọ sílẹ̀, nísisìyí ó ní láti fi wọ́n sílẹ̀ láàárín òru kan àti òwúrọ̀. Bí ó bá dúró, ikú ni. Bí ó bá lọ, ta ni yóò gba ipò rẹ̀? Ó lọ. A gbé e nínú hámọ́kì gba igbó Ìjẹ̀bú, a sì gbé e dé Èkó láàyè. Àwọn kan ti bi wá bóyá ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé kò lọ gbé. Nígbàtí ara rẹ̀ le díẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún padà tọ̀ wọ́n wá.

Ní 1869 àìlera lé tọkọtaya náà kúrò pátápátá. Anna sùn nínú Olúwa ní Martham, ní Norfolk, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, ọdún 1870, ní ẹni ọdún 43.

Daniel Olúbí, ẹnití ó ti gbé nínú ilé wọn tí ó sì ti bá wọn jẹ ẹ̀wà ogun náà, ni a fi ìjọ Ìbàdàn lé lọ́wọ́. Òun àti àwọn ará ilẹ̀ wa ni wọ́n di Kúdẹ̀tì, Arẹ̀mọ àti Ògùnpa mú ní gbogbo ọdún tí kò sí oyìnbó míṣọ́nnárì láàárín wọn, títí ogun Èkìtì Parapọ̀ fi jà tí ó sì parí. Samuel Johnson náà wà ní Kúdẹ̀tì, ọmọdé ni nígbàtí ó dé ibẹ̀ ní 1858. Ó kọ ogun Ìjàyè sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, èyítí a tẹ̀ jáde ní 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀.