Amy Ashwood Garvey: Ìyálóde Tó Ṣílẹ̀kùn Ilé Rẹ̀

Ìtàn tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ti obìnrin kan tí àwọn ọmọ Yorùbá fi oyè Ìyálóde dá lọ́lá ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ní ìlú Port Antonio, ní erékùṣù Jàmáíkà, ni wọ́n ti bí Amy Ashwood ní 1897. Láti kékeré ni ìyá àgbà kan nínú ẹbí wọn ti sọ fún un pé ilẹ̀ Aṣàńtì ni wọ́n ti kó ìran àwọn lẹ́rú. Nígbà tó di ọmọ ọdún 17, ní 1914, ó pàdé Marcus Garvey níbi àríyànjiyàn tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ṣe ní Kingston. Àwọn méjèèjì jọ dá ẹgbẹ́ ńlá tí a ń pè ní UNIA sílẹ̀ fún ìgbéga ènìyàn dúdú. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní New York lọ́jọ́ Kérésìmesì 1919, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Nígbà tó fi di 1922, Garvey ti fẹ́ ẹlòmíràn, ọ̀rẹ́ Amy tó dúró tì í lọ́jọ́ ìyàwó.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń ṣe fún obìnrin. Ọ̀pọ̀ a máa tìtorí rẹ̀ fi ara pamọ́ fún ayé. Amy kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó forí lé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí òun àti Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin nígbà náà, ti dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀ ní oṣù Keje 1924. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í jẹ Ìyálóde. Ìyálóde ni obìnrin tó ń gbẹnu sọ fún àwọn obìnrin níwájú ọba àti ìjòyè, òun sì ni ẹni tí ìyà ń jẹ máa ń sá tọ̀. Ó lé ní 30 ọdún lẹ́yìn náà kí iṣẹ́ oyè yìí tó délẹ̀ fún un gan-an.

Lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn ará Jàmáíkà àti erékùṣù mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ òkun lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n ilé kò sí. Àwọn onílé a máa kọ ọ́ sójú fèrèsé pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Amy gba ilé kan ní Bassett Road, nítòsí Notting Hill, ó sì sọ ọ́ di ibùgbé àti ibi ìpàdé fún àwọn obìnrin dúdú.

Ní òpin oṣù Kẹjọ 1958, iná ìkórìíra ràn ní Notting Hill. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun ń lé àwọn ènìyàn dúdú kiri, wọ́n ń fi òkò fọ́ fèrèsé ilé wọn, fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹni tó ń fẹ́ iná sí i. Oswald Mosley, tí ìjọba ti tì mọ́lé nígbà ogun nítorí pé ó ń ṣe ti Hitler, ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri àdúgbò náà. Colin Jordan, ọmọlẹ́yìn Hitler mìíràn, fi ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tirẹ̀ sí àdúgbò kan náà. Ohun tí wọ́n ń wàásù ni pé kí aláwọ̀ dúdú kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú.

Amy kò kó ẹrù. Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbèjà àwọn ènìyàn dúdú àdúgbò náà. Ó tún wà nínú ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn West Indian Gazette, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Claudia Jones dá sílẹ̀ ní 1958. Ní oṣù Kìíní 1959, Claudia ṣe àjọ̀dún orin àti ijó kí ara lè tu àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì yà nínú owó rẹ̀ sọ́tọ̀ láti fi san owó ìtanràn àwọn tí wọ́n dá lẹ́jọ́ nínú rògbòdìyàn náà, àti dúdú àti funfun.

Ní oṣù Karùn-ún 1959, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun gún Kelso Cochrane lọ́bẹ pa lójú pópó. Káfíńtà ni, ọmọ erékùṣù Antigua, ẹni ọdún 32. Àwọn ọlọ́pàá ní olè ló fà á. Àwọn ará àdúgbò kò gbà. Àlejò ni Kelso. Wọn ì bá sin ín wẹ́rẹ́ kí ọ̀rọ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n Amy àti Claudia wà lára àwọn tó kó dúdú àti funfun jọ, tí wọ́n lọ bá ìjọba, tí wọ́n sì ṣe ètò ìsìnkú. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà, àwọn tó sin ín dé ibojì lé ní 1,000. Ẹ rántí Rispa nínú ìwé Samuẹli Kejì, tó ṣọ́ òkú tọ̀sán-tòru títí Dáfídì ọba fi gbọ́, tí wọ́n sì sin wọ́n pẹ̀lú ọlá.

Títí di òní, wọn kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú Kelso. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mosley gbé àpótí ìbò ní àdúgbò náà ní oṣù Kẹwàá 1959, kò rí ju ìbò bí 8 nínú 100 lọ. Ní 1960, Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tiwa náà rán àwùjọ àwọn òjíṣẹ́ sí Notting Hill kí wọ́n lè so dúdú àti funfun pọ̀. Ní 1965 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àkọ́kọ́ lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀. Amy padà sílé, ó sì sùn nínú oorun ikú ní Kingston ní 1969.

Ẹ̀yin arábìnrin, ọmọ wa pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Wọ́n ń jẹ nínú èso ohun tí obìnrin yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìn. Kí ni àwa ń gbìn fún ọmọ ẹlòmíràn níbí? Nígbà tí a bá ní ká má fi yàrá háyà fún ẹ̀yà kan, tàbí tí a ń bú àlejò létí ọmọ wa, iná kan náà ni à ń fẹ́. Amy kò ní ọmọ ogun, kò sì jẹ́ mínísítà. Ilé ló ní, ó sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohùn ló ní, ó sì fi pe ènìyàn jọ. Èwo nínú méjèèjì ni kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa?

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tó ń gba àlejò, kí ó sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa níbi gbogbo tí àwọn náà ti jẹ́ àlejò. Àmín.