Joseph Black, Ẹni Tí Ó Wọn Ooru

Ẹni tí ó bá ti gbé ìkòkò irin òfìfo ka iná rí yóò jẹ́rìí pé kì í pẹ́ gbóná. Ṣùgbọ́n bí a bá bu omi sí i, a ó dúró títí. Iná kan náà ni. Kí ni ó dé? Ìtàn ọkùnrin tí ó fi ìwọ̀n dáhùn ìbéèrè yìí ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ní ọdún 1728 ni a bí Joseph Black ní ìlú Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí bàbá rẹ̀, ọmọ Belfast, ti ń ṣòwò wáìnì. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Scotland, ó sì di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Glasgow.

Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé bí ohun kan bá ti wúwo tó ni ooru tí yóò mú un gbóná yóò ti pọ̀ tó. Ní nǹkan bí ọdún 1760, Black gbé ìdánwò kan tí Fahrenheit ti ṣe ṣáájú yẹ̀ wò, ó sì rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ife mákúrì kan, irin tí ń ṣàn bí omi, wúwo ju ife omi kan lọ ní ìlọ́po 13. Síbẹ̀ ooru tí ó ń fẹ́ kò tó ti omi. Lónìí a mọ̀ pé ooru tí yóò mú omi pọ́ùn 1 gbóná dé ìwọ̀n kan yóò mú irin bíi pọ́ùn 9, tàbí mákúrì bíi pọ́ùn 30, gbóná tó bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù ohun ni ó ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀. Tẹmómítà ń sọ bí nǹkan ti gbóná tó. Kò sọ iye ooru tí ó ti gbà.

Black tún fi hàn pé omi dídì a máa gba ooru púpọ̀ bí ó ti ń yọ́, láìgbóná sí i. Ó la ọ̀rọ̀ ooru yé James Watt, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì yá a lówó nígbà tí ó ń ṣe ẹ̀rọ olóoru rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ ooru. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Glasgow, àti ní Edinburgh láti ọdún 1766, ó sì fi í mọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, Wilcke ní ilẹ̀ Sweden fúnra rẹ̀ rí irú nǹkan kan náà, ó sì tẹ tirẹ̀ jáde. Black kú ní oṣù December, ọdún 1799. Ọpẹ́lọpẹ́ John Robison, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó kó àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1803.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ mọ iyì ìwé ìṣirò, ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ẹni tí ó wọn ooru fún gbogbo ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé kò kọ ọ́ jáde ní àsìkò.