Burt Munro àti Alùpùpù Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá ìtàn ọkùnrin kan mu gidigidi. Bí a bá dárúkọ ẹni tí ó gun alùpùpù sáré kọjá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ayé, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí eegun rẹ̀ le, tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan sì kọ́ alùpùpù tuntun fún. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1967, bàbá ẹni ọdún 68 ni ó ṣe irú iṣẹ́ ìyanu bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, alùpùpù tí ó sì gùn ti pé ọdún 47 tí a ti ṣe é. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kankan ni ó tún un ṣe fún un. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe é, nínú àgọ́ kékeré kan ní ìlú rẹ̀ tí ó wà ní òdì kejì òkun. Orúkọ rẹ̀ ni Burt Munro.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1899 ni a bí i ní agbègbè Southland, ní ìhà gúúsù pátápátá ilẹ̀ Niu Síláńdì. Herbert James ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìbejì ni, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó jẹ́ èkejì rẹ̀ kú nígbà ìbí wọn. Àwọn oníṣègùn sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun náà kò ní lò ju ọdún méjì lọ láyé. Orí ọmọ náà kò gbà fún wọn. Ó yè, ó sì dàgbà ní oko bàbá rẹ̀ ní Edendale, ìlú kékeré kan tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn Invercargill. Láti kékeré ni eré sísá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹṣin tí ó yára jù lọ nínú oko náà ni ó máa ń gùn káàkiri pápá, bí bàbá rẹ̀ tilẹ̀ ń bá a wí. Nígbà tí ó dàgbà tán, ẹ̀rọ ni ó gbà á lọ́kàn. Àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ èyí, nítorí pé iṣẹ́ oko ni wọ́n rò pé yóò ṣe. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Otira, níbi tí wọ́n ti ń lu òkè já kí ọkọ̀ ojú irin lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ pè é padà wá sí oko.

Ní ọdún 1920, Munro ra alùpùpù tuntun kan ní Invercargill. Ilé-iṣẹ́ Indian ti Amẹ́ríkà ni ó ṣe é, Scout sì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ibi tí eré rẹ̀ mọ nígbà náà ni ibùsọ̀ 55 ní wákàtí kan, èyí tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 89. Eré náà kò tẹ́ ẹni tí ó ni ín lọ́rùn. Ní ọdún 1926, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ó ń tún un tò, ó sì ń yí i padà. Kò ta á kí ó ra òmíràn, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá ti ṣe. Alùpùpù kan náà ni ó tẹra mọ́ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún.

Kí iṣẹ́ tí ó ṣe tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí a mọ bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Nínú rẹ̀, písítìn a máa lọ sókè sódò nínú sìlíńdà gẹ́gẹ́ bí ọmọ odó ti ń lọ sókè sódò nínú odó. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀, yóò fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Bí ó bá padà sókè, yóò fún wọn pọ̀ sí ojú kan. Iná yóò ṣẹ́ sí wọn, epo yóò gbiná, agbára rẹ̀ yóò sì ti písítìn padà sísàlẹ̀ tipátipá. Nígbà tí písítìn bá tún gòkè, yóò lé èéfín jáde, iṣẹ́ náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Fáàfù ni ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára sí i lè ṣe ohun mẹ́ta. Ó lè fẹ inú sìlíńdà kí ó lè gba epo àti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ó lè jẹ́ kí písítìn fún wọn pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó sì lè tún ọ̀nà ṣe fún afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Munro ṣe. Nígbà tí ó ra Scout náà, ààyè inú sìlíńdà rẹ̀ méjèèjì kò ju nǹkan bí 600 cc lọ. Nígbà tí yóò fi ṣe tirẹ̀ tán, ó ti di nǹkan bí 950 cc. Ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà ni àwọn tí ó ṣe alùpùpù náà fi fáàfù sí, tí afẹ́fẹ́ fi ní láti yà kọ́rọ́ kí ó tó wọlé. Munro gbé wọn sí òkè sìlíńdà, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé tààrà.

Munro kò ní owó tí yóò fi ra àwọn ẹ̀yà tí ó nílò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì sí ní ọjà rárá. Àìní yìí kò dá a dúró. Ó yọ́ àwọn irin àtijọ́, ó dà wọ́n sínú agolo, ó sì fi wọ́n ṣe písítìn. Páìpù irin tí gáàsì ń gbà kọjá ni ó fi ṣe sìlíńdà. Àwọn ọ̀pá tí ó so písítìn mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ní láti le gidigidi, nítorí wọn a máa ṣẹ́ bí eré bá pọ̀. Munro mú irin tí ó gbé ẹsẹ̀ katakata, ó sì fi ọwọ́ gbẹ́ ọ̀pá náà jáde láti inú rẹ̀, bí agbẹ́gilére ti ń gbẹ́ ère láti inú igi. Wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan ni ó fi ṣe ohun èlò ìwọ̀n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí kò gba kí ìwọ̀n yẹ̀ níwọ̀n bíńtín. Ní ọ̀sán, ó ń ta alùpùpù, ó sì ń tún ti àwọn ẹlòmíràn ṣe kí ó lè jẹun. Òru ni ó sábà máa ń ráyè gbọ́ ti ara rẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo làálàá yìí a máa já sí asán. Ẹ́ńjìnnì náà a máa bú, ọ̀pá a máa ṣẹ́, písítìn a máa yọ́. Munro kì í kó àwọn àfọ́kù náà dànù. Ó tò wọ́n sí orí pẹpẹ kan nínú àgọ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọrẹ ni wọ́n jẹ́ fún òrìṣà eré sísá. Àwàdà ni ó fi ṣe, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú àwàdà náà, nítorí pé kò sí ohun rere tí ènìyàn ń rí gbà láìfi nǹkan rúbọ. Alágbẹ̀dẹ tí ó ń bọ Ògún nílẹ̀ Yorùbá kò ní ṣàìmọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Ẹbọ tí Munro rú kò sì mọ sí ti irin nìkan. Ó gbéyàwó ní ọdún 1927, ó sì bí ọmọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n òun àti aya rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 1947. Lẹ́yìn èyí, ó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, ó sì ń gbé inú àgọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni èrè làálàá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ní ọdún 1940, ó sáré ibùsọ̀ 120.8 ní wákàtí kan, kò sì sí ẹni tí ó tíì ṣe irú rẹ̀ ní títì ilẹ̀ Niu Síláńdì. Ní ọdún 1957, ó sáré ibùsọ̀ 131.38 ní etí òkun Oreti tí kò jìnnà sí Invercargill. Ní nǹkan bí àkókò yìí ni àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹlòmíràn ìbá jókòó sílé kí ó máa jẹun àgbà. Munro kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ wà ní Bonneville.

Bonneville jẹ́ pápá iyọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà. Adágún ńlá kan wà níbẹ̀ ní ìgbà láéláé. Nígbà tí omi rẹ̀ gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ kù sílẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, kò sí koríko, kò sí igi. Ibẹ̀ ni àwọn tí ó fẹ́ràn eré ti ń pàdé lọ́dọọdún láti dán ẹ̀rọ wọn wò. Òfin wọn ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gbọ́dọ̀ sáré lọ, kí ó sì sáré bọ̀, kí a lè pín eré méjèèjì sí méjì, kí afẹ́fẹ́ má baà ṣe ojúsàájú. Ìgbà mẹ́wàá ni Munro lọ síbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ láti lọ wòran. Ó tọ́jú owó pẹ̀lú ìṣẹ́ra-ẹni, ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù kọjá òkun, bí ó bá sì dé Amẹ́ríkà, yóò wá ọkọ̀ tí yóò fi fa alùpùpù rẹ̀ lọ sí pápá iyọ̀. Ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ ni ó ṣi orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ kọ, tí Bert fi di Burt, ó sì gba orúkọ náà bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1962, ó sáré ibùsọ̀ 178.97 ní wákàtí kan, ó sì kọjá gbogbo ẹni tí ó ti gun irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 1966, ó tún gba ipò iwájú nínú ìsọ̀rí mìíràn pẹ̀lú ibùsọ̀ 168.07. Ọdún 1967 ni ó wá le jù. Ó ti ṣe ìbòrí kan fún alùpùpù náà, tí orí àti ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ti ẹja, kí afẹ́fẹ́ má baà dí i lọ́wọ́. Nínú eré kan ní ọdún náà, alùpùpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójijì. Munro gbé ara sókè kí afẹ́fẹ́ lè dín eré náà kù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ já awò ojú rẹ̀ dànù, kò sì ríran mọ́. Díẹ̀ ni ó kù kí ó kọlu òpó irin kan. Ó dá alùpùpù náà dùbúlẹ̀ lórí iyọ̀, ó sì fi ara bó díẹ̀ nìkan lọ. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ó ṣe ohun tí ó bá wá. Nínú eré ìdánwò kan, ó sáré ibùsọ̀ 190.07. Nígbà tí a pín eré àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sí méjì, àwọn oníwèé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sáré ibùsọ̀ 183.59 ní wákàtí kan. Alùpùpù tí kò lè kọjá ibùsọ̀ 55 rí ti sáré ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1977, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́ tirẹ̀ mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ó ta Scout náà àti alùpùpù rẹ̀ kejì fún oníṣòwò kan ní Invercargill, kí wọ́n má baà kúrò ní Southland. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1978, Burt Munro kú ní ẹni ọdún 78. Ní ọdún 2005, a ṣe sinimá kan nípa rẹ̀ tí ó jẹ́ kí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé.

Ohun kan ṣì kù. Ní ọdún 2014, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣàkíyèsí pé àwọn oníwèé ṣi ìṣirò ọdún 1967 ṣe. Nígbà tí a tún un ṣírò, ibùsọ̀ 184.087 ni ó jáde. Ọdún 47 ni àṣìṣe kékeré náà ti wà nínú ìwé láìsí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbésí ayé ọkùnrin yìí fi hàn pé àìní kì í dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó bá fi ọkàn sí iṣẹ́ rẹ̀, àti pé ohun tí ó fọ́ lè kọ́ni ní ọgbọ́n ju ohun tí ó yè lọ. Ó tún fi hàn pé kò yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ó ti gbó. Ẹni tí ó bá mọ inú ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dájúdájú, tí ó sì ń tún un ṣe lójoojúmọ́, lè fi í kọjá ẹni tí ó ń pààrọ̀ tuntun sí tuntun. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.