Aubréville àti Ọmọ Igi Tí Kò Sí Lábẹ́ Ìyá Rẹ̀

Nígbà tí mo lọ ka àwọn ọmọ igi tó ń hù lábẹ́ ìrókò nínú igbó ọba kan, mo kà títí, n kò rí ọmọ ìrókò kankan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrókò ti ń parẹ́ níbẹ̀. Ìtàn ayé André Aubréville ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti kánjú.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni; wọ́n bí i ní 1897. Lẹ́yìn tó kọ́ ìmọ̀ igbó tán, ó lọ ṣiṣẹ́ fún ìjọba amúnisìn Faransé ní Côte d'Ivoire ní àwọn ọdún 1920. Ó mọ igi ibẹ̀ débi pé ó kọ ìwé ńlá lé wọn lórí ní 1936.

Níbi tó ti ń ka igi, àtńlá àtikékeré, ó ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú àwọn igi tó ga jù kò ní ọmọ nísàlẹ̀. Ẹ̀yà mìíràn ló ń hù níbẹ̀. Ní 1938, ó ṣàlàyé pé igbó pín sí abala abala, bí ẹ̀kú egúngún tí a fi oríṣiríṣi aṣọ rán. Igi tó gba abala kan lónìí, òmíràn ni yóò rọ́pò rẹ̀ lọ́la.

Àwọn kan fi kún un. Ní igbó Okomu, nítòsí Benin City, E. W. Jones rí èédú àti àpáàdì nínú ilẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Ó jọ pé oko ni ibẹ̀ rí, àti pé inú oko àtijọ́ yẹn ni àwọn igi ńlá ti rí oòrùn hù. Ìrókò àti arère kì í dàgbà lábẹ́ òjìji.

Àmọ́ Aubréville kò sọ pé kò séwu. Ìwé rẹ̀ ti 1949 ṣàlàyé bí iná àti oko dídá ṣe ń sọ igbó di ọ̀dàn. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Paris, ó sì kú ní 1982.

Mo padà sínú igbó náà, síbi tí igi ńlá kan wó sí. Ọmọ ìrókò méjì ni mo bá. Kòkòrò ti mú ewé ọ̀kan wú. Mo tún àkọsílẹ̀ mi kọ: ìrókò ṣì ń bímọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé ìyá tó ń fúnni ní irúgbìn, ewé Akíntọ́lá ni yóò jogún àyè náà.