Kwame Nkrumah: Ẹni tó tako bọ́ǹbù átọ́míìkì, àmọ́ tó fẹ́ kí Ghana ní ìmọ̀ rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ọdún 1960, orílẹ̀-èdè Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ wò nítòsí Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sahara ní Algeria. Kwame Nkrumah, tó jẹ́ olóòótu ìjọba Ghana nígbà náà, kò kà á sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Àsìkò ọyẹ́ ni, ẹ̀fúùfù tó ń gbé eruku Sahara wá sí Accra, Abidjan àti Èkó. Ìjọba rẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá Faransé tó wà ní Ghana.

Lọ́dún 1964, ọkùnrin yìí kan náà fi ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ átọ́míìkì lélẹ̀ ní Kwabenya, lẹ́bàá Accra.

Ta ni Kwame Nkrumah?

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Nkroful, ní ilẹ̀ Gold Coast. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Achimota, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1935 láti kàwé ní Fásitì Lincoln. Ó padà sílé lọ́dún 1947, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú CPP sílẹ̀ lọ́dún 1949, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì jù ú sẹ́wọ̀n. Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ló wà tó fi wọlé ìbò lọ́dún 1951. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 1957, Ghana gba òmìnira.

Obì kan, ìlò méjì

Kókó inú átọ́ọ̀mù uranium àti ti plutonium wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí neutron kan bá kọlù ú, ó lè là sí méjì bí obì gbànja. Awẹ́ méjèèjì yóò fi agbára ńlá ya ara wọn, neutron méjì tàbí mẹ́ta yóò sì tún jáde láti lọ la àwọn kókó mìíràn. Bí lílà yìí bá ń ran ara rẹ̀ láìsí ìdíwọ́, bọ́ǹbù ni. Bí wọ́n bá kó o níjàánu, ó lè pèsè iná mànàmáná, ó sì wúlò fún ìwádìí.

Àmọ́ awẹ́ tó là náà kì í dákẹ́. Ìtànṣán tó lè ṣe ara ní jàǹbá máa ń jáde lára wọn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rù pé afẹ́fẹ́ yóò gbé wá láti Sahara.

Nítorí náà, Nkrumah ti àwọn tó gbéra ní Accra lẹ́yìn lópin ọdún 1959 láti lọ dí ìdánwò bọ́ǹbù náà lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ Faransé dá wọn dúró lọ́nà. Ó pe àpérò ilẹ̀ Áfíríkà lórí rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1960. Nígbà tí Faransé tún yin ẹ̀kẹta, Nàìjíríà lé aṣojú rẹ̀ lọ ní oṣù Kìíní ọdún 1961.

Àlá Kwabenya

Lójú Nkrumah, ìmọ̀ tó ń ṣe bọ́ǹbù kò gbọdọ̀ jẹ́ ogún àwọn aláwọ̀ funfun nìkan. Òfin ọdún 1963 ló dá àjọ átọ́míìkì Ghana sílẹ̀, Soviet Union sì gbà láti bá wọn kọ́ ẹ̀rọ ìwádìí kan.

Àmọ́ owó kòkó ń já wálẹ̀, gbèsè ń pọ̀. Òfin ọdún 1958 ti fún Nkrumah láṣẹ láti ti alátakò mọ́lé láìsí ìgbẹ́jọ́, lọ́dún 1964 sì ni Ghana di ilẹ̀ ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú kan. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì ọdún 1966, nígbà tó wà ní Beijing, àwọn ológun àti ọlọ́pàá gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Kwabenya dúró.

Nkrumah lọ gbé ní Guinea lọ́dọ̀ Sékou Touré. Ó kú sí Bucharest, ní Romania, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin ọdún 1972.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, ẹ̀rọ átọ́míìkì àkọ́kọ́ Ghana bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kwabenya. Kìlówáàtì 30 péré ni agbára rẹ̀ nígbà náà, ìwádìí ni wọ́n sì ń fi ṣe. Ṣáínà ló ti wá, ilẹ̀ tí ìròyìn ìdìtẹ̀gbàjọba ti bá Nkrumah.